Marrakech, Ìlú Pupa Etí Aṣálẹ̀: Ìgbèkùn, Ìwé àti Orúkọ Wa

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ní àsìkò ìsinmi ńlá tó kọjá, àwa àti ìyá àwọn ọmọ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì rin ìrìn àjò lọ sí Marrakech ní ilẹ̀ Mòrókò. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Casablanca ti ń pè wá láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfurufú kò pé wa lọ́wọ́ títí di ọdún yìí. Ìgbádùn ni a bá lọ. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ gun ràkúnmí. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún méjìlá, fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí aṣálẹ̀ tí ó ti kà nípa rẹ̀ ní ilé-ìwé. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ìtàn, odi àti ààfin ni a fẹ́ rí. A kò mọ̀ pé ìbéèrè kan ń dúró dè wá níbẹ̀, tí kò ní fi wá sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìbéèrè náà kan gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá síwájú yín.

Odi amọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ láti Casablanca. Bí a ti ń lọ sí gúúsù ni koríko ń gbẹ, tí ilẹ̀ sì ń pọ́n sí i, títí ó fi pupa bí ilẹ̀ Kétu lẹ́yìn òjò. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ooru ibẹ̀ gbẹ táútáú. Òógùn kò dúró lára ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ètè wa ti ń là. Ọmọkùnrin wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: « Bàbá, iyanrìn náà dà? »

Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Marrakech kò sí láàárín iyanrìn. Inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó wà, àwọn òkè Atlas sì dúró sí gúúsù rẹ̀ bí ògiri. Èyí tó ga jù lọ nínú wọn, Toubkal, ga tó 4167 mítà. Ẹ̀yìn àwọn òkè wọ̀nyí ni aṣálẹ̀ Sàhárà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀ ni ìlú náà jẹ́: àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí tó ń lọ sí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbéra níbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ sì ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọjà, a rí àwòrán pátákó ojú ọ̀nà tó lókìkí ní Zagora, lẹ́yìn òkè, èyí tó sọ fún èrò pé ọjọ́ 52 ni ó kù kí ó dé Tìmbúktù. Ọjọ́ ràkúnmí ni wọ́n ń kà.

Ọmọ aṣálẹ̀ ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Ní nǹkan bí ọdún 1070, àwọn Almoravide, tí ẹ̀yà Lamtuna láti ìhà Mauritania ṣe olórí wọn, pàgọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí lábẹ́ Abu Bakr ibn Umar. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú aṣálẹ̀, ó sì ní láti padà. Ó fi ìlú lé ìbátan rẹ̀ Yusuf ibn Tashfin lọ́wọ́. Ó tún kọ ìyàwó rẹ̀ Zaynab sílẹ̀ kí Yusuf lè fẹ́ ẹ, nítorí ó ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè fara da ìgbé ayé aṣálẹ̀. Ìtàn sọ pé nígbà tí Abu Bakr ń padà bọ̀, Zaynab ló gba Yusuf nímọ̀ràn pé kí ó fi ẹ̀bùn rẹpẹtẹ pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wárí fún un bí ọmọ abẹ́. Abu Bakr rí i, òye sì yé e. Ó gba ẹ̀bùn, ó yí padà sí aṣálẹ̀, kò jà. Ẹni tó bá mọ iye ìlú wa tó tú nítorí pé ọmọ ọba méjì du oyè kan yóò mọ̀ pé ọgbọ́n kékeré kọ́ nìyẹn.

Ali, ọmọ Yusuf, ni ó mọ odi yí ìlú ká ní nǹkan bí ọdún 1126. Odi náà ṣì wà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 19. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, amọ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ ẹfun, tí wọ́n sì gún mọ́ra láàárín pákó. Àwọn ihò tí igi àwọn ọ̀mọ̀lé wà nígbà náà kò dí; ẹyẹ ti fi wọ́n ṣe ilé. Ìyá àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ògiri náà, ó ní: « Amọ̀ ni o! Amọ̀ bíi ti ilé bàbá mi. » Lóòótọ́ ni. Ní ibì kan, wọ́n ti fi igi gbé odi ró, nítorí pé ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì pa ènìyàn tó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, pàápàá ní àwọn abúlé orí òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a bá níbẹ̀ ń fi amọ̀ tún amọ̀ ṣe. A ronú kan odi Kétu àti ẹnubodè Akaba Ìdènà, tí òun náà jẹ́ iṣẹ́ amọ̀, tí yàrà rẹ̀ ṣì ń hàn. Mélòó nínú wa ló ti mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó?

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Òjò kò pọ̀ ní Marrakech. Omi ìrì dídì orí òkè Atlas ni ìlú náà ń mu. Àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ kànga tẹ̀lé kànga láti ẹsẹ̀ òkè, wọ́n sì fi ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ so wọ́n pọ̀, kí omi lè máa ṣàn wá sí ìlú láìjẹ́ pé oòrùn fà á gbẹ. Khettara ni wọ́n ń pè é. Irúgbìn, ilé ìwẹ̀, mọ́sáláṣí, gbogbo rẹ̀ dúró lórí iṣẹ́ àwọn tó ń rákò nínú òkùnkùn.

Àwọn Almohade gba ìlú náà ní 1147. Àwọn ni wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí Koutoubia, tí ilé gogoro rẹ̀ ga tó mítà 77, tí a sì ń rí láti òkèèrè. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọba mìíràn gbé olú-ìlú lọ sí Fès, Marrakech sì rẹ̀wẹ̀sì fún ìgbà pípẹ́, kí ìdílé àwọn Saadien tó tún un gbé dìde ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti kàn wá.

Ọba tó fẹ́ wúrà

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1578, ogun ńlá kan jà ní àríwá Mòrókò. Ọba mẹ́ta ló kú nínú rẹ̀: Sébastien ọba Pọtogí, Súlútánì Mòrókò, àti Súlútánì àtijọ́ tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè, tí ó lọ bẹ àwọn Pọtogí lọ́wẹ̀. Àbúrò Súlútánì tó kú, Ahmad, ni ó gorí oyè, wọ́n sì pè é ní al-Mansur, ìyẹn aṣẹ́gun. Owó ìràpadà àwọn ìjòyè Pọtogí tí wọ́n kó lẹ́rú wọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin kan tó pè ní El Badi. Òkúta mábù wá láti Ítálì. Wọ́n ní ṣúgà ni ó fi ń san án, ìwọ̀n kan fún ìwọ̀n kan. Àwọn ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké tí ṣúgà náà ti ń jáde.

A wọ El Badi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àgbàlá tó tóbi ju ọjà lọ, adágún omi láàárín, igi ọsàn nísàlẹ̀, ògiri amọ̀ tí ohun ọ̀ṣọ́ ti ṣí kúrò lára wọn. Àwọn ẹyẹ àkọ̀ kọ́ ìtẹ́ sí orí ògiri. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí al-Mansur kú ni Súlútánì mìíràn, Moulay Ismaïl, pàṣẹ pé kí wọ́n tú ohun rere inú rẹ̀ kó lọ sí Meknès fún ààfin tirẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ẹwà ti ibí yìí bù sí lára.

Wúrà ni al-Mansur fẹ́ jù lọ. Ní ìgbà náà, ìjọba Sọ́ńgáì, tí Gao jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ló ń ṣàkóso ibi tí wúrà gúúsù àti iyọ̀ aṣálẹ̀ ti ń pàdé. Al-Mansur kọ ìwé sí Askia Ishaq kejì pé kí ó máa san owó orí fún òun lórí iyọ̀ Taghaza. Ìtàn sọ pé ọ̀kọ̀ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni Askia fi dá a lóhùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1590, nǹkan bíi 4000 ọmọ ogun jáde láti Marrakech lábẹ́ Judar Pacha, ẹni tí a bí ní Sípéènì. Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá. Púpọ̀ kú lọ́nà. Ní oṣù kẹta ọdún 1591, wọ́n pàdé ogun Sọ́ńgáì ní Tondibi, nítòsí Gao. Àwọn ará Sọ́ńgáì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀, ọfà àti idà ni tiwọn. Ìbọn ni ti àwọn ará Mòrókò. Wọ́n da màlúù síwájú kí ó lè bo àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ìbọn dún, màlúù yí padà, ó sì tẹ àwọn olówó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọba tó ti jẹ́ ògbóǹtarìgì láti ọgọ́rùn-ún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní ọjọ́ kan.

Ní 1594, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé Marrakech kọ lẹ́tà sílé pé ọgbọ̀n ìbaaka tó ru wúrà ti wọ ìlú. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹrù mìíràn ti Tìmbúktù wọlé, èyí tí kò ṣeé wọ̀n: àwọn onímọ̀ tí wọ́n dè.

Àáfáà nínú ìgbèkùn

A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri El Badi níbi tí òjìji wà, a sì sọ ìtàn Ahmed Baba fún àwọn ọmọ. Ní 1556 ni a bí i, nínú ìdílé Aqit tí ó ti fún Tìmbúktù ní adájọ́ láti ìran dé ìran. Nígbà tí àwọn ará ìlú kò gba àjàgà Mòrókò, Pacha Mahmud pe àwọn onímọ̀ sí mọ́sáláṣí Sankoré ní 1593 bí ẹni pé ìbúra ni wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì mú wọn. Wọ́n kó ilé wọn. Ahmed Baba sọ lẹ́yìn náà pé 1600 ìwé ni òun pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni tòun ló kéré jù nínú ti àwọn ẹbí òun. Wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì mú wọn la aṣálẹ̀ kọjá sí Marrakech. Lọ́nà, ó ṣubú lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Mòrókò fúnra wọn kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wá síwájú al-Mansur, aṣọ títa ni Súlútánì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Ahmed Baba kò dáhùn. Ó ní Ọlọ́run ni Àlùkùráánì sọ pé ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìbòjú; bí ọba bá ń fi ara rẹ̀ wé Ọlọ́run, òun kò ní ọ̀rọ̀ í bá a sọ; bí ó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kí ó jáde. Wọ́n ká aṣọ. Ó wá béèrè ìdí tí wọ́n fi kó ilé òun, tí wọ́n sì dè òun wá láti Tìmbúktù. Súlútánì ní òun fẹ́ kí gbogbo Mùsùlùmí wà ní ìṣọ̀kan ni. Ahmed Baba bi í pé, kí ló dé tí kò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Túúkì ní Tlemcen, àwọn tó súnmọ́ ọn jù? Ọmọbìnrin wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun nínú.

Ní 1596 ni wọ́n tú u sílẹ̀ nínú túbú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó kúrò ní ìlú. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ní mọ́sáláṣí. Àwọn adájọ́ Marrakech pàápàá ń jókòó síwájú rẹ̀. Ní ọdún yẹn náà ni ó parí ìwé ńlá kan nípa ìgbésí ayé àwọn onímọ̀ òfin tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà Malik. Ẹni tí a kó ìwé rẹ̀ lọ ló jókòó sí ìlú àwọn tó kó o, tí ó ń kọ òmíràn. Lẹ́yìn ikú al-Mansur ní 1603 ni wọ́n gbà kí ó lọ, ní 1608 ni ó sì padà dé Tìmbúktù. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1627.

Orúkọ wa nínú ìwé

Bí a bá dúró níbẹ̀, ìtàn náà ìbá dùn tán. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọdọ̀ gé ìtàn níbi tó dùn.

Ní 1615, àwọn ará Touat, ìlú inú aṣálẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Algérie òní, kọ ìwé sí Ahmed Baba. Ẹrú ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá láti gúúsù lójoojúmọ́, ọkàn wọn kò sì balẹ̀: àwọn wo ni òfin gbà kí a rà, àwọn wo ni kò gbà? Èsì rẹ̀ ni ìwé tí a mọ̀ sí Miraj al-Suud. Ó sọ níbẹ̀ gbangba pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí tí a fi lè sọ ènìyàn di ẹrú, ó sì kọ ìtàn tí àwọn kan ń sọ pé ègún tí wọ́n fi ọmọ Nóà gún ni ó wà lórí àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó ní àìgbàgbọ́ nìkan ni ìdí. Nítorí náà, ará Bornu, Kano, Katsina, Sọ́ńgáì, tí wọ́n ti jẹ́ Mùsùlùmí, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rà wọ́n. Ọ̀rọ̀ akin ni, láti ẹnu ẹni tí àwọn Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ ti dè rí.

Ṣùgbọ́n ó tún ka àwọn ẹ̀yà tí kò tíì gba ẹ̀sìn, àwọn tí òfin náà kò dáàbò bò. Àwọn Mossi wà níbẹ̀, àwọn Gurma wà níbẹ̀, àwọn ará Borgu aládùúgbò wa wà níbẹ̀. Yorùbá náà wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí a mọ̀ títí di òní, kò sí èyí tó dàgbà ju èyí lọ tí a ti rí orúkọ yìí.

Ọmọbìnrin wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: « Bàbá, ẹni tí wọ́n dè, òun náà ló tún kọ orúkọ àwọn tí a lè dè? »

A fẹ́ dá a lóhùn bí olùkọ́: pé ọmọ ìgbà rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni, pé òfin tí ó kọ́ láti kékeré ni ó tẹ̀lé, pé ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là pẹ̀lú rẹ̀. A sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀ pé a kò tíì dáhùn.

Ó tọ́ kí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí pé ní ìgbà Ahmed Baba, ó dájú pé kì í ṣe gbogbo wa ni a ń jẹ́ Yorùbá. Àwọn ará àríwá ń lo orúkọ náà fún Ọ̀yọ́ àti ìlú abẹ́ rẹ̀. Ará Kétu ń jẹ́ ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń jẹ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn Fọ̀n ń pè wá ní Nàgó, wọ́n sì ń pe àwọn ará wa ní Togo ní Ana. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni orúkọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í bò wá mọ́lẹ̀, ẹni tó sì ṣiṣẹ́ jù lórí rẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ọmọkùnrin Òṣogùn ni Crowther, ogun kó o ní 1821, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, kí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lórí òkun. Ẹ wo ọ̀nà tí orúkọ wa gbà: ẹni tí a mú nígbèkùn rí ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí a mọ̀, ẹni tí a mú nígbèkùn rí ni ó tún sọ ọ́ di orúkọ gbogbo èdè wa. Ti èkíní gba iyanrìn; ti èkejì gba òkun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gba inú ọjà kọjá sí ibi tí wọ́n ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Criée berbère ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣòwò na kápẹ́ẹ̀tì pupa àti dúdú sílẹ̀, wọ́n ń pe owó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn àlejò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́, títí di 1912 tí àwọn Faransé gba ìjọba. A sọ ọ́ fún ọmọbìnrin wa nítorí pé ó béèrè. Àbúrò rẹ̀ ń fo lórí kápẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tó ni ín kò bínú.

Lóru, a lọ sí pápá Jemaa el-Fna, níbi tí èéfín ẹran sísun ti bo àtùpà. Àwọn Gnawa ń lu àwo irin méjì méjì pọ̀, ẹnì kan ń ta gòjé olókùn mẹ́ta tí ohùn rẹ̀ nípọn. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti gúúsù aṣálẹ̀ ni wọ́n, ilé iṣẹ́ UNESCO sì kọ orin wọn mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2019. Ìyá àwọn ọmọ dúró pẹ́ níwájú wọn. Ó ní bí wọ́n ti ń lu irin náà jọ agogo tí wọ́n ń lù nílé àwọn. A kò lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Bahia, àwọn tó gba òkun pa orúkọ Kétu mọ́ nínú ilé òrìṣà wọn títí di òní. Ta ni yóò ka àwọn tó gba iyanrìn fún wa?

Ohun tí a bá nílé

Ọmọkùnrin wa gun ràkúnmí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, ní Agafay, aṣálẹ̀ olókùúta kan tí kò jìnnà sí ìlú. Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á, lẹ́yìn náà kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi wa parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú padà.

Nínú ìdílé wa ní Kétu, a máa ń sọ ìtàn ogun Dànhọ̀mẹ̀ fún àwọn ọmọ. A máa ń sọ bí àwọn ọmọ ogun Glèlè ṣe wá ní 1883, tí wọ́n tún padà wá ní 1886, tí wọ́n fọ́ ìlú, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Bí ìyá ńlá wa kan ṣe wà lára wọn, tí ó sì padà nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, tí Kétu sì tún dìde. A ń sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga. Ìtàn àwọn tí a fìyà jẹ ni, ìyà náà sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n agbo kan wà nínú ilé wa tí a kì í sọ ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ń bá wa jẹun, wọ́n ń bá wa sin òkú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ oyè bá dé, wọn kì í sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n. Láti kékeré ni a ti mọ̀ pé a kì í béèrè ìdí.

A lọ bá ìyá àgbà, àbúrò bàbá bàbá wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a sì béèrè. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní: « Ta ló rán yín? » A ní ọmọ ọdún méjìlá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́. Obìnrin kan ni orísun agbo náà. Bàbá ńlá wa ló rà á lọ́jà, kí ogun tó dé. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún wa, orúkọ kan tí kì í ṣe ti Kétu. Ní 1886, nígbà tí Dànhọ̀mẹ̀ wọ ilé, wọ́n kó òun àti ìyá ńlá wa pọ̀, ìyá tó ni ín àti ẹni tí a rà, lórí okùn kan náà. Àwọn méjèèjì ló padà. « Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, » bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà wí, « ọ̀kan padà sí yàrá rẹ̀, èkejì padà sí ẹ̀yìnkùlé. »

Báyìí ni a ṣe rí èsì tí a kò rí ní Marrakech. Ọmọbìnrin wa bi wá bí ẹni tí a dè ṣe lè gbà kí a de ẹlòmíràn. Ilé tiwa ni ìdáhùn náà wà: a gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ń wo ìyà tiwa bí àṣìṣe, a sì ń wo ti ẹlòmíràn bí ìlànà. Ahmed Baba rí àṣìṣe ní ti àwọn ará Kano àti Katsina. Ní tiwa, ìlànà ni ó rí. Bàbá ńlá wa náà ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ka ìwé kankan.

A kò tẹ orúkọ obìnrin náà síbí, nítorí pé agbo rẹ̀ ló ni í, àwọn ni yóò sọ bóyá a lè tẹ̀ ẹ́. A ti bẹ olórí ẹbí wa pé nígbà ìpàdé ìdílé tó ń bọ̀, kí a pè é pọ̀ mọ́ àwọn ìyá yòókù tí a ń pè. Àwọn kan ti bínú sí wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí ni ìwúlò kí a máa tú ẹ̀gbin ìgbà láéláé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agbo náà, ẹni tí a jọ ṣe ilé-ìwé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wá sí ilé wa lọ́jọ́ kejì, ó sì jókòó pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba Tìmbúktù ní 2012, àwọn ará ìlú fi ìwé àwọn baba ńlá wọn sínú àpótí irin, wọ́n sì yọ́ kó wọn jáde. Ìdí nìyí tí púpọ̀ fi là nígbà tí wọ́n dáná sun àwọn mìíràn ní oṣù kìíní 2013. Àwa kò ní àpótí ìwé tó ti pé irínwó ọdún. Orí àwọn ìyá àgbà wa ni tiwa wà, orí náà sì ń wọlẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Ẹ lọ bá wọn nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ogun tó kó wọn, kí ẹ sì tún bi wọ́n léèrè ẹni tí ilé yín rà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá, ní Faransé, bí ó bá ti rọrùn fún yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, bí ó bá gbà. Ọmọbìnrin wa ti ra ìwé àjákọ kan fún iṣẹ́ náà. Ó kọ ti ìyá àgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fi ojú ewé kejì sílẹ̀ lófo, de ìgbà tí agbo kejì bá fẹ́ sọ tiwọn.